Ẹ́ńjìnnì Tí Kì Í Fẹ́ Sùn: Bí Mọ́tò Bá Ṣì Ń Ṣiṣẹ́ Lẹ́yìn Tí Ẹ Ti Pa Á

Bàbá mi ní Peugeot 504 kan tí gbogbo Ìdí-Òro ní Mushin mọ ohùn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á pa á, wọ́n á yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á máa wọlé lọ. Mọ́tò á ṣì máa sọ tiẹ̀ lẹ́yìn wọn: gbì, gbì-gbì, á dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, gbì, á gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì kó tó wá sinmi. Àwa ọmọdé a máa kà á. Mọ́kànlá ló pọ̀ jù tí mo rántí. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé wa a máa ní, "Alhaji, mọ́tò yín tún ń jiyàn o."

Mẹ́káníìkì tó ń bá wa tún un ṣe nígbà náà ní àfi kí òun ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà, irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí i, ó ha èédú inú rẹ̀, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó gba owó tí kò kéré. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mọ́tò tún bẹ̀rẹ̀ ìjiyàn. Nígbà tó yá la tó rí i pé rọ́bà kan tó lọ síbi bíréèkì ló ti sán, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Mọ́tò ti ń kú mọ́ wa lọ́wọ́ nítorí rẹ̀, mẹ́káníìkì sì ti fi ìyí ẹ́ńjìnnì sókè kó má baà kú mọ́. Owó rọ́bà yẹn kò tó owó àmàlà ọjọ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí láti orí èyí tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ dé orí èyí tó ń gbowó. Ẹ má ṣe fo ìkankan láti sáré dé ibi tọ́ọ̀pù sílíńdà.

Ẹ kọ́kọ́ pa á ná

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ oníjíà ọwọ́, tó sì ń jiyàn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà ní pípa. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidi, ẹ tẹ klọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sí jíà kẹrin, kí ẹ wá rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí klọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì á fẹ́ ti ọkọ̀ lọ, bíréèkì ò ní gbà fún un, á kú síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì, ẹ má ṣe gbé e sí P kí ẹ tó pa á. Ẹ fi ẹsẹ̀ sórí bíréèkì, ẹ jẹ́ kí jíà wà ní D, ẹ pa á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá dákẹ́ ni kí ẹ wá gbé e sí P. Ẹrù tí jíà dì lé ẹ́ńjìnnì á ti jẹ́ kí ìyí rẹ̀ wálẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ fi í sílẹ̀, pé bó bá rẹ̀ ẹ́, á dákẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Nígbà tó bá ń jiyàn bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè yí sẹ́yìn, tó bá sì yí sẹ́yìn, ẹ̀rọ tó ń fa epo ẹ́ńjìnnì sára irin kò ní fà á. Rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró náà á máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ fetí sí i kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Oríṣi méjì ni àìsàn yìí, etí ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bó bá ń ta kìtì, tó ń gbọ̀n, tó ń dákẹ́ tó ń padà bí tí 504 wa, a jẹ́ pé iná wà níkùn ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni pé ẹ kò tilẹ̀ pa á, wáyà ni. Ọ̀rọ̀ rewáyà lẹ ní, kì í ṣe ti mẹ́káníìkì, màá sì padà sórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ná owó ọ̀kan fún èkejì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àtijọ́, iná plọ́ọ̀gì nìkan ló ń pa. Kò pa epo. Kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, kò mọ ohun tí à ń pè ní iná mànàmáná: bí písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì ń fa bẹntiróòlù jáde látinú ihò kékeré. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń yí, epo ń wọlé. Ohun tó kù tó nílò ò ju ohun tó máa ṣáná sí i.

Ẹ wo ẹni tó ń sun àgbàdo létí títì. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn tó ti ta tán, eérú lẹ máa rí lókè. Ẹ fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹyin iná á yọjú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí písítìnì tí èédú ti dì mọ́, tàbí ní etí fáàfù tí èéfín ń gbà jáde, tàbí ní ẹnu plọ́ọ̀gì. Plọ́ọ̀gì tó wà ní àlàáfíà máa ń gbóná láàárín nǹkan bíi 450 sí 850 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Kò gbọdọ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí èédú tó bá lé e lè jó dànù. Bó bá wá gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ jìnnà, kò nílò kọ́ìlì, ẹ̀rọ tó ń fún un níná, mọ́ láti dáná sí epo.

Àwọn òyìnbó ń pè é ní dieseling, orúkọ náà kò sì bá a mu tán. Ẹ́ńjìnnì dísù máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó ìlọ́po 16 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, débi pé afẹ́fẹ́ nìkan gbóná tó láti dáná sí epo. Ti ọkọ̀ bẹntiróòlù àtijọ́ kò ju nǹkan bíi 8 tàbí 9 lọ. Ẹyin iná tó wà níbẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́, pẹ̀lú bó ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀, tí epo fi ń ráàyè gbaná.

Toyota Kòròlá àti Kámúrì tòkunbọ̀ òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí iná mànàmáná ló ń ṣí ihò epo wọn. Ẹ pa á, ihò tì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn tó ṣì ní 504, Datsun àtijọ́, tàbí Volkswagen tí à ń pè ní ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ọ̀nà Badagry níhìn-ín ní 1975. Ìrìn Èkó kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó fi wákàtí méjì rákòrò láti Ojúẹlẹ́gba dé Ìdúmọ̀tà ń kó èédú sínú, ó sì ń gbóná síta.

Ìyí ojú kan

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyí ojú kan ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹsẹ̀ ò sì sí lórí tọ̀rọ́tù. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, 800 sí 900 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín. Bó bá ti dé 1,200, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ kábúrétọ̀ ti ṣí sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá pa á, afẹ́fẹ́ àti epo tó tó iná dá ṣì ń wọlé.

Ẹ wà á fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó gbóná dáadáa. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ rí i pé ṣóòkì ti ṣí pátápátá àti pé wáyà tọ̀rọ́tù kò le gan-an débi tó fi ń fa kábúrétọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí rẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí àìsàn rẹ̀ kò ju kápẹ́ẹ̀tì tó ká mọ́ abẹ́ tọ̀rọ́tù. Lẹ́yìn náà ẹ wá súkúrù tí ẹnu rẹ̀ kan apá irin tí wáyà tọ̀rọ́tù ń fà. Ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, ìdá mẹ́rin ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró kí ẹ gbọ́. Bí kò bá sí aago tó ń ka ìyípo nínú ọkọ̀ yín, ẹ yá ẹ̀rọ tó ń kà á lọ́wọ́ rewáyà. Etí máa ń purọ́ níbí, pàápàá jù lọ etí ẹni tó ti pẹ́ nídìí ariwo.

Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 850 tó sì kú, ẹ má ṣe gbé e padà sókè. Ìyẹn ni mẹ́káníìkì tiwa ṣe. Ìyí gíga ń bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ ni, ẹ wá nǹkan náà.

Abẹ́rẹ́ tó ń dí epo

Láti bíi 1970, nígbà tí òfin èéfín ní Amẹ́ríkà mú kí wọ́n máa dín epo kù nínú afẹ́fẹ́, tí ẹ́ńjìnnì fi ń gbóná sí i, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi solenoid sára kábúrétọ̀. Ó dà bí ìka ọwọ́, wáyà kan ṣoṣo ló wọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́, iná á fa abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sẹ́yìn kí epo lè kọjá. Bí ẹ bá pa á, sípíríìngì á ti abẹ́rẹ́ náà padà, ihò epo á dí. Ìjàpá ní i lára, ó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Bí solenoid bá bàjẹ́, kì í ṣe pé mọ́tò á máa jiyàn. Òdìkejì ni: abẹ́rẹ́ kò ní ṣí mọ́, ọkọ̀ á máa kú bí ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ̀rọ́tù. Kí ni mẹ́káníìkì tó ń kánjú ń ṣe? Á yọ ọ́, á gé orí abẹ́rẹ́ náà dànù, á dá a padà. Ọkọ̀ á dúró ojú kan dáadáa, oníbàárà á dúpẹ́, á sanwó. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tó ń dí epo mọ́.

1. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbéra. Ẹ yọ wáyà solenoid, ẹ fi kàn án padà. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ "kán".
2. Bí ẹ ò bá gbọ́, ẹ fi tẹ́sítà kan ẹnu wáyà náà. Bí tẹ́sítà bá tàn, iná dé ibẹ̀, solenoid ló kú. Bí kò bá tàn, ẹ wá ibi tí wáyà ti já.
3. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ tún fi tẹ́sítà kàn án. Kò gbọdọ̀ tàn. Bó bá tàn, ẹnì kan ti so ó mọ́ wáyà tó ń gbaná lójú méjèèjì, abẹ́rẹ́ kò sì ní dí ihò láé. Ẹ jẹ́ kí rewáyà gbé e lọ sórí èyí tó ń kú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.
4. Bí gbogbo èyí bá pé tí mọ́tò ṣì ń jiyàn, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fi sípánà tú solenoid, kí ẹ wo ojú abẹ́rẹ́. Bó bá pẹlẹbẹ bí ẹni fi páyà gé e, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Ní ọjà Ládípọ̀ ẹ lè rí òmíràn. Ẹ mú ti àtijọ́ dání, nítorí ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ àti gígùn abẹ́rẹ́ kì í bára mu láti ọkọ̀ kan sí èkejì.

Afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀yìn wọlé

Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé láì gba kábúrétọ̀ kọjá kò mú epo dání. Epo á kéré sí afẹ́fẹ́, iná inú rẹ̀ á gbóná, ẹyin iná á pọ̀. Ẹ wo rọ́bà bíréèkì, àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ sí dísíríbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì), àti gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kábúrétọ̀. Ẹ tẹ rọ́bà kọ̀ọ̀kan láàárín ìka méjì. Èyí tó bá ń dún bí ewé gbígbẹ ti lọ. Bí ojú ò bá rí nǹkan, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí, kí ẹ fi ìgò tó ń fọ́n omi fọ́n díẹ̀ sí ibi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yẹra fún plọ́ọ̀gì àti dísíríbútọ̀. Ibi tí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ló ń jò. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi bẹntiróòlù ṣe é. Ẹ má dán an wò.

Táímìnì, ìyẹn àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná, náà wà níbẹ̀. Bí plọ́ọ̀gì bá ń pẹ́ kó tó ṣáná, agbára á dín kù, wọ́n á fi ìyí sókè láti fi dí i, ooru á sì pọ̀ sí i. Ẹ wá ẹni tó ní iná tó ń ṣẹ́jú láti fi wò ó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi etí yí dísíríbútọ̀ fún yín.

Ooru, àti ọ̀rọ̀ thermostat

Bí mọ́tò bá ń jiyàn kìkì lẹ́yìn ìrìn gígùn tàbí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ wo ooru. Rédíétọ̀ tí a ti ń fi omi kànga kún láti ọdún pípẹ́ ti di inú ìkòkò àtijọ́, ìpàǹtí ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo bẹ́líìtì fáànù, ẹ wo ìdérí rédíétọ̀. Fún ìjàpá, kò sí omi; ẹ wo bẹ́líìtì àti ìdọ̀tí tó bo ara ẹ́ńjìnnì.

Ní Èkó, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ń ṣe ni kí wọ́n yọ thermostat jù, ìyẹn ìdérí kékeré tí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. "Ọ̀gá, ìlú wa ti gbóná, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó dà bí ọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n thermostat, tó máa ń ṣí ní nǹkan bíi 82 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè gbóná dé ibi tí epo ti ń jó tán. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù lójú ọ̀nà, èédú á máa dì. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á ṣì máa gbóná, nítorí rédíétọ̀ ló ń ṣàìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún rédíétọ̀ ṣe, ẹ dá thermostat padà.

Plọ́ọ̀gì àti epo

Ẹni tó ń ta plọ́ọ̀gì á fún yín ní èyí tó bá wọ ihò. Wíwọ ihò nìkan kò tó, plọ́ọ̀gì ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀. Lára NGK, nọ́ńbà tó ga ló tutù: 6 tutù ju 5 lọ. Lára Bosch, òdìkejì ni: 8 gbóná ju 7 lọ. Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀, ẹ fi wé ìwé ọkọ̀. Ẹ yọ ti inú ọkọ̀, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Àwọ̀ búrẹ́dì yíyan dára. Funfun tó ní ìléròrò kéékèèké fi hàn pé ooru ti pọ̀ jù tàbí epo kéré. Dúdú bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀.

Epo inú kẹ́ẹ̀gì létí ọ̀nà náà máa ń dá kún un. Bí wọ́n bá fi kẹrosíìnì là á, ó máa ń tètè gbaná fúnra rẹ̀, ó sì máa ń fi èédú sílẹ̀. Ní oṣù Kejì 2022 nígbà tí bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ wọ àwọn ilé epo, mọ́tò tó ti ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, torí wọn kò gbẹ́ ihò kábúrétọ̀ fún irú epo bẹ́ẹ̀. Bí àìsàn bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lẹ́yìn tí ẹ ra epo, ẹ fura sí epo kí ẹ tó fura sí mọ́tò.

Èédú, nígbà tí gbogbo ìyókù bá ti pé

Kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, ẹ mú un jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọ̀nà ṣófo. Third Mainland Bridge tó ìwọ̀n kìlómítà 11.8, ẹ lọ, ẹ bọ̀, ní jíà kẹta, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ gidi láì kọjá ìwọ̀n tí òfin gbà. Èédú rírọ̀ á jó, á gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ lè tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ń da omi sẹ́nu kábúrétọ̀ láti fi fọ èédú. Bí omi bá pọ̀ jù nínú sílíńdà, písítìnì kò lè fún un pọ̀, ọ̀pá tó gbé písítìnì á tẹ̀. Èmi ò ní ṣe é sí mọ́tò ẹni tí mo fẹ́ràn. Bí ìrìn àti epo tó dára kò bá ṣe é, ìgbà yẹn ni tọ́ọ̀pù sílíńdà tó kàn.

Bó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ọ̀rọ̀ wáyà

Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa yí, kí ẹ fi tẹ́sítà kan ibi tí iná ń gbà wọ kọ́ìlì. Bó bá tàn, iná kò kú. Ó lè jẹ́ ilé kọ́kọ́rọ́ tó ti jẹ, tàbí relay (ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á) tó lẹ̀ pọ̀, tàbí àláàmù tí wọ́n so mọ́ ọn. Nígbà míì alternator, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì, ló ń rán iná padà láti inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ síbi iná pupa bátìrì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ní pípa, ẹ yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà lẹ́yìn alternator, ẹ tan ọkọ̀, ẹ pa á. Bó bá kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ti rí i. Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan ti yọ gílóòbù iná pupa náà tó fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré

Ti I-better-pass-my-neighbour yàtọ̀, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Kò nílò bátìrì. Mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí lára rẹ̀ ló ń ṣe iná plọ́ọ̀gì. Nítorí náà, bọ́tìnì tí ẹ fi ń pa á kì í gé iná: ńṣe ló ń so wáyà kọ́ìlì mọ́ ara irin, kí iná lè ṣòfò síbẹ̀. Bí wáyà yẹn bá já, kò sí ohun tó máa pa á.

Bó bá kọ̀ láti kú, ẹ ti ẹnu ọ̀nà epo, kí ẹ dúró kí epo inú kábúrétọ̀ tán. Tàbí ẹ ti ṣóòkì pa pátápátá, epo á mù ún. Ẹ má fi ọwọ́ fa ìdérí plọ́ọ̀gì, iná tó wà níbẹ̀ á gbá yín. Nígbà tó bá tutù, ẹ tẹ̀ lé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìdí kọ́ìlì dé bọ́tìnì, kí ẹ wá ibi tó ti já tàbí tó ti dípẹtà. Ẹ fi sandpaper fọ ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara irin, kí ẹ dè é kó le. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í kìlọ̀ kó tó pa èèyàn.

Dísù

Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Àfi kí ẹ gé epo rẹ̀ kó tó kú. Nínú Mercedes 240D àti 300D àtijọ́, afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fà gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gé e. Bí rọ́bà kan bá sán níbikíbi, kódà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ lè yọ kọ́kọ́rọ́ kí ẹ sì gbé e sápò, kò ní kú. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá apá kékeré tí wọ́n kọ STOP sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wá rọ́bà tó sán lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó léwu ni tí ìyí rẹ̀ bá ń lọ sókè fúnra rẹ̀, tí èéfín bo gbogbo àdúgbò. Epo ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ló ń jẹ, gígé dísù kò ràn án. Ẹ lé àwọn èèyàn sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ jíà ọwọ́ tí kò sì tíì le jù, ẹ fi sí jíà tó ga jù, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ju klọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi pákó tó le, tó sì tẹ́jú, dí ẹnu ibi tó ń gba afẹ́fẹ́. Kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe aṣọ, á fà á wọlé. Bí ẹ ò bá lè sún mọ́ ọn, ẹ sá.

Bó bá ti tutù, ẹ fa ọ̀pá ìwọn epo yọ. Bí epo bá kọjá àmì òkè, ẹ tú èyí tó lé kúrò. Bí fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ irú ti àtijọ́ tó ń lo epo, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti kún un jù. Bó bá ní turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ rọ́bà ńlá tó ti ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ ki ìka bọ inú rẹ̀. Bí ìka bá jáde tó rin gbingbin fún epo, ẹ má tan án mọ́ títí turbo á fi lọ fún àtúnṣe.